Ìka Méjì Lábẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀

Ìyàwó kan ṣoṣo ni bàbá mi fẹ́, nítorí náà n kò rí ẹni kọ́ mi ní owú jíjẹ nílé. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọdún yẹn náà ni mo fi ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi sínú férémù, tí mo gbé e kọ́ ara ògiri yàrá tí mo háyà ní Lafiaji. Yàrá náà kéré débi pé bí mo bá na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló máa ń kọjú sí ìwé ẹ̀rí náà.

Ẹni tí mo jowú kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Eékún wọn ọ̀tún máa ń dún bí wọ́n bá fẹ́ jókòó. Wọn kò ní dígírì. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àtijọ́ ni wọ́n ti jáde, láyé ìgbà tí wọ́n máa ń fi rúlà na akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ bí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kò bá tẹ́. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè wọ́n ní Màmá. Ọ̀gá dókítà wa pàápàá, ẹni tí kì í dáhùn bí o kò bá pe gbogbo oyè rẹ̀ tán, Màmá ló ń pè wọ́n.

Èmi, Dókítà ni wọ́n ń pè mí. Ọkùnrin ni mí, mo wọ aṣọ funfun, mo fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ìlù ọkàn kọ́ ọrùn. Lójú àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wọn wá láti Èbúté Èrò àti Jankara, ẹ̀rí mẹ́ta yẹn ti tó. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé nọ́ọ̀sì ni mí. Ní oṣù kejì, àlàyé sú mi. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, ẹni tó bá pè mí ní nọ́ọ̀sì ní láti pè mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbọ́.

Kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn ènìyàn. Bí ihò bá wà lára ògiri tó pín yàrá méjì níyà, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gba iwájú lọ á tún yà padà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn á wá máa ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí akọ̀wé ìjọba tó sọ fáìlì nù. Ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmú mímu, tí ọmọ mìíràn ń fi ṣeré, iṣẹ́ alágbàṣe ni lọ́dọ̀ tiẹ̀. Kó tó fa á lẹ́ẹ̀mẹwàá, iwájú orí rẹ̀ á ti rin fún òógùn, á fi í sílẹ̀, á sùn lọ, ebi á sì tún jí i. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sanra. Dókítà lè kọ oògùn, oníṣẹ́ abẹ lè dí ihò, àmọ́ kí ọmọ náà tó dé iwájú oníṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì ni yóò máa fi ṣíbí bọ́ ọ, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la.

Màmá kì í jí ọmọ tó bá ń sùn. Wọn á dúró títí ọmọ á fi jí fúnra rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n á kó gbogbo iṣẹ́ pọ̀: kí wọ́n wọn ọmọ, kí wọ́n ka ìlù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí wọ́n pààrọ̀ ìlédìí, kí wọ́n fún un ní oògùn, kí wọ́n bọ́ ọ. Wọn á ṣe é wéréwéré, wọn á sì kúrò níbẹ̀ kí ó lè sinmi. Èmi ní tíméètábù. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé mẹ́rin, mo fi àwọ̀ mẹ́ta sí i, mo sì ń jí àwọn ọmọ láti lè bá a mu.

Àwọn ọmọ mọ ìyàtọ̀. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta kan wà lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ pé bí ètè rẹ̀ bá ti fẹ́ dà bí ti ẹni tó lá yíǹkì, á kàn lóṣòó síbi tó bá wà, kí èémí rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Mo mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lè kọ ìdí náà kún ojú ìwé méjì. Ohun tí Màmá máa ń ṣe ni pé wọ́n á lóṣòó tì í, eékún wọn á dún gbàà, ọmọ á rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì á jọ wà níbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tí èmi náà lóṣòó tì í, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Màmá dà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọmọ tó máa ń dákẹ́ ẹkún bí Màmá bá wọlé. Lẹ́yìn náà mo ka iye tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹkún bí èmi bá wọlé. N kò fi ìṣirò náà han ẹnikẹ́ni.

Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, ọmọbìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọmọ oṣù méje ni, kílò mẹ́rin àti ààbọ̀ péré ló sì wọ̀n. Ìyá rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń bá ènìyàn ta ankárá ní Jankara. Ìyá bàbá ọmọ náà, Alájà tí gbogbo agbo ilé wọn ń bẹ̀rù, máa ń fi ẹsẹ̀ rìn wá kí i láràárọ̀, wọ́n á sì bá gbogbo wa wí kí wọ́n tó lọ. Alájà yìí ló fi ọwọ́ ara wọn sín ìlẹ̀kẹ̀ pupa tín-ín-tìn-ìn-tín sí ìdí ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i.

Ikọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ń bọ̀ láti òkè òkun láti wá dí ihò ọkàn àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá tó kílò márùn-ún, àwọn kò ní fọwọ́ kàn án. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò ti lísìtì pa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọ̀ ọ́ yóò dúró de ikọ̀ mìíràn, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí ikọ̀ mìíràn yóò dé. Ìyá ọmọ yìí ti rí ọmọ méjì tó ń dúró de ikọ̀ mìíràn ní wọ́ọ̀dù wa. Kò rí i kí èyíkéyìí nínú wọn bá a.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó bi Màmá léèrè. Mo wà nítòsí, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ka fáìlì.

"Màmá, ṣé á tó kó tó di Jímọ̀?"

Màmá jókòó tì í kí wọ́n tó dáhùn. "Kò ní tó, ọmọ mi. Irú ọmọ yìí kì í yára sanra. Bó bá ṣe dáadáa, ìwọ̀nba tí yóò fi kún un lójúmọ́ kò ju ṣíbí ṣúgà mẹ́rin, márùn-ún lọ. Ẹ jẹ́ ká múra de èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ìyá ọmọ náà wo ilẹ̀. N kò lè sọ pé àánú ló ṣe mí. Ohun tí mo rí ni pé fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ Màmá kò dùn mọ́ ẹnìkan nínú. Mo gbé fáìlì sílẹ̀.

"Á tó," mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá a ṣe ètò tuntun."

Obìnrin náà gbé ojú sókè, ó sì wò mí bí mo ṣe máa ń rí i tí wọ́n ń wo Màmá. Títí di òní olónìí, bí mo bá rántí bí ojú yẹn ṣe dùn tó, ara mi máa ń kó tìọ̀.

Màmá kò bá mi jiyàn lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ní Iléṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n sì gba ìsinmi láti lọ tọ́jú rẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Dígírì," wọ́n wí, torí ohun tí wọ́n ń pè mí nìyẹn bí a bá dá wà, "díẹ̀díẹ̀ ni o. Ọkàn ọmọ yẹn kò lè gba púpọ̀." Mo ní, "Ó ti yé mi, mà." Ó ti yé mi lóòótọ́. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè yẹn nínú ìdánwò, mo sì gba gbogbo máàkì rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń bí mi nínú. Láràárọ̀, bí Màmá bá ti wọn ọmọ náà tán, wọ́n á ti ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín bọ abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀, wọ́n á yí wọn díẹ̀, ọmọ á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wọ́ọ̀dù: "Ìlẹ̀kẹ̀, ìka méjì." Lójoojúmọ́. Ní ìwé ìjọba. Mo ka gbólóhùn yẹn sókè lọ́jọ́ kan fún àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo ní bóyá lọ́la wọ́n á kọ iye eyín tó wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú oríkì rẹ̀. A rẹ́rìn-ín dáadáa.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Ìyá ọmọ ti lọ fọ aṣọ, Alájà ló jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn gé, Dókítà?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ni, Alájà. Ìdọ̀tí máa ń há sí abẹ́ rẹ̀. Òfin ilé ìwòsàn ni."

"Ó ti lé ní oṣù kan tá a ti wà níbí. Ṣé òfin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìrìn àjò bọ̀ ni?"

"Ó ti wà tipẹ́."

"Màmá ò mọ̀ ọ́n?"

"Èmi mọ̀ ọ́n."

Alájà tún gèlè wọn ṣe. "Ó dáa. Ẹni tó bá kàwé tó báyìí, ó yẹ kó rí nǹkan gé."

Mo gé e. Òfin náà wà lóòótọ́, n kò purọ́. Ó wà lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin mìíràn ló wọ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí òwú lọ́rùn ọwọ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn, n kò sì gé ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí mo gé ni ẹ̀rín tí ọmọ yẹn máa ń rín fún ìka Màmá. Ìyá rẹ̀ dé, ó ká ìlẹ̀kẹ̀ náà jọ, ó wé e sínú ọ̀rá, ó sì fi í sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ètò mi bẹ̀rẹ̀. Mo fi rọ́bà kékeré sí imú ọmọ náà lọ sí inú rẹ̀ kí ó má baà ṣe wàhálà mímu, ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé mo fi kún wàrà rẹ̀, mo tún fi kún un, mo sì pe dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kó fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ni, ìwé mi ojú ewé mẹ́rin sì dẹ́rù bà á. Ní Ọjọ́rú, ọmọ wọn kílò mẹ́rin àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin gíráàmù. Ní Ọjọ́bọ̀, ó di ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Mo fi bírò pupa kọ ọ́.

"Ojú ẹ ti kún," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń fi ìka pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kún lóòótọ́. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú bí ti ẹni tó sùn jù. Ó ń mí yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ní ara tó ń dàgbà ló ń béèrè atẹ́gùn. Ìlédìí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù mọ́, mo ní bóyá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti túnṣe. Kò sí nǹkan kan lára ọmọ náà tí n kò rí. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì ń wá orúkọ rere fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá dókítà yí wọ́ọ̀dù ká ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn wọn. Wọ́n dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n wo bírò pupa. "Ẹ wò ó," wọ́n wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, "ohun tí à ń pè ní nọ́ọ̀sì tó kàwé nìyí." Wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sí lísìtì, kí wọ́n kàn tún un wọ̀n láàárọ̀ Jímọ̀. Lálẹ́ yẹn mo ra súyà jẹ nìkan. Ohun tí mo ń rò kì í ṣe ọmọ náà. Bí ojú Màmá yóò ṣe rí lọ́la ni mo ń rò.

Láàárọ̀ Jímọ̀, kílò márùn-ún, ó lé díẹ̀. Mo kọ ọ́, mo fi ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kúnlẹ̀ fún mi ní gbangba, mo sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó ní kó dìde.

Màmá wọlé pẹ̀lú báàgì ìrìn àjò wọn lọ́wọ́. Wọ́n kí gbogbo ènìyàn, wọ́n bi àwọn ìyá léèrè àlàáfíà. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n dúró. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀ lórí ilẹ̀.

"Màmá, ó ti tó," ni ìyá ọmọ wí.

"Mo rí i." Wọ́n ṣí aṣọ ọmọ náà. "Ta ló gé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Níbo ló wà?"

Ìyá rẹ̀ yọ ọ̀rá láti inú pọ́ọ̀sì. Etí ibi tí wọ́n ti so ó ni mo ti gé e, nítorí náà kò tú. Màmá gba ìlẹ̀kẹ̀ náà, wọ́n yí i ká ìdí ọmọ, wọ́n fà á kí etí méjèèjì lè pàdé. Kò pàdé. Àlàfo tó kù láàárín wọn fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọkùnrin. Ní ọjọ́ Àìkú, ìka méjì ń wọ abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan náà.

Lẹ́yìn náà wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ọmọ náà, wọ́n kà dé márùn-ún, wọ́n gbé e kúrò. Kòtò kékeré kan dúró síbẹ̀. À ń wò ó, kò kún.

"Kò sanra," Màmá wí. "Omi ni. Ọkàn rẹ̀ ò lè fa ohun tẹ́ ẹ rọ́ sí i."

Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní kí n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, kí n ti wàrà pa, kí n gbé ọ́síjìn wá, kí n pe dókítà fún oògùn tí yóò mú kó tọ̀. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti sọ lórúkọ rere ti padà sí orúkọ tí ìwé pè é. Ìyá ọmọ náà dúró ti ògiri, pọ́ọ̀sì ṣì wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, tí èémí ọmọ rọlẹ̀ díẹ̀, mo tẹ̀lé Màmá dé ìdí tábìlì.

"Ẹ ò sọ fún mi ohun tẹ́ ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ń ṣe, mà."

"Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́. O kà á. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín láti inú yàrá oògùn." Wọ́n jókòó, eékún wọn dún. "O ò bi mí."

Mo ṣí ìwé ìròyìn náà. Ó wà níbẹ̀, ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́.

"Orúkọ ọmọ yẹn wà lórí lísìtì," wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bí wọ́n bá fi kílò márùn-ún yẹn ṣírò oògùn oorun fún un, tí wọ́n gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú ọkàn tó ti rẹ̀ báyìí, kò ní jí. Wọ́n á ti lísìtì pa lọ́sàn-án. Ó yẹ kẹ́nìkan lọ sọ fún ọ̀gá."

"Ẹ̀yin ni wọ́n á gbọ́ tiyín, mà."

Wọ́n ti fáìlì sọ́dọ̀ mi. "Bírò pupa ta nìyí?"

Láti wọ́ọ̀dù wa dé ọ́fíìsì ọ̀gá, àtẹ̀gùn méjì ni. Lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, mo pinnu láti sọ pé ìwọ̀n wa ló bàjẹ́. Lórí ìkejì, mo rò ó pé màá di ẹ̀bi náà ru dókítà kékeré, ó ṣáà fọwọ́ sí i. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní àwo idẹ tí wọ́n kọ oyè ọ̀gá sí, ìlà mẹ́ta. Mo kà á tán lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kàn án.

"Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, sà. Kò tó kílò márùn-ún. Omi ni. Èmi ni mo fún un ní wàrà jù."

Ọ̀gá yọ awò ojú. "Ta ló sọ pé omi ni?"

"Màmá, sà."

"Kí ni wọ́n fi mọ̀?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀, sà."

Wọ́n dá awò ojú padà sójú. Wọ́n fa lísìtì jáde, wọ́n fi ìlà gba orúkọ ọmọ náà kọjá, wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ mìíràn sí i. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. "Ìlẹ̀kẹ̀," wọ́n wí, bí ẹni tó ń gbọ́ orúkọ oògùn tuntun. Mo gba lẹ́tà ìkìlọ̀, ó sì tọ́ sí mi. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí ọ̀gá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà kan tí àwọn fúnra wọn ṣàwárí láti fi mọ omi lára ọmọdé ilẹ̀ wa. Màmá wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń ká aṣọ ìnura. Wọn kò gbójú sókè. Èmi ni inú ń bí, bíi pé ọwọ́ mi ni wọ́n ti jí i gbé.

Èmi náà ni mo lọ sọ fún ìyá ọmọ pé orúkọ ti kúrò. Mo ti ń retí èpè. Ó ń ká ìpọnmọ, ó sì ká a tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá ní kò ní tó. Ẹ̀yin ní á tó. Èmi ni mo yan ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbọ́." Ó gbé ìpọnmọ náà lé orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó pè é.

Omi náà jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìlédìí ń wúwo, à ń yọ̀ lórí ìtọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ padà sí kílò mẹ́rin ó lé díẹ̀, kò tó ibi tó wà kí n tó gbà á. Níbi tí mo ti ń gbìyànjú láti fi kún un nínú ọ̀sẹ̀ kan, kò dín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá so ìlẹ̀kẹ̀ náà padà pẹ̀lú okùn báńdéèjì, wọ́n fà mí lọ́wọ́, wọ́n ti ìka mi méjì bọ abẹ́ rẹ̀. "Rántí bó ṣe rí," wọ́n wí. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìka mi bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.

Oṣù márùn-ún ni ìyá àti ọmọ fi dúró de ikọ̀ mìíràn. Wọ́n lọ sílé, wọ́n padà, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo máa ń bọ́ ọ lọ́sàn-án nígbà tó bá wà lọ́dọ̀ wa, ṣíbí kọ̀ọ̀kan, mo ń wo iwájú orí rẹ̀ fún òógùn. Mo mọ ọ́n ṣe nígbà tó yá. Síbẹ̀ bí ọmọ náà bá mu ṣíbí mẹ́jọ lọ́wọ́ mi, á mu mẹ́wàá lọ́wọ́ Màmá, èmi ni mo sì ń kọ méjèèjì sílẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ènìyàn máa ń ronú pìwà dà, owú á sì tán. Tèmi kò tán. Ó kàn kọ́ bí a ṣe ń ka ìlù ọkàn dáadáa ni.

Nígbà tí ikọ̀ náà dé, ọmọ wọn kílò márùn-ún àti igba gíráàmù, ìka méjì sì ń wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Màmá ló gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e. Èmi gbé fáìlì, mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ ọ́síjìn bọ̀ lẹ́yìn wọn. Alájà ń ka àdúà lábẹ́ ètè ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì dá a dúró láàárín méjì láti sọ fún mi pé táyà kẹ̀kẹ́ mi ń pariwo.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Wákàtí márùn-ún ó lé. Ìyá ọmọ kò jẹ, kò mu. Màmá sùn lójókòó bí ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Èmi ka gbogbo táìlì ilẹ̀ ibẹ̀.

Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ yọ orí síta, ó fa ìbòmú rẹ̀ sísàlẹ̀. "Wọ́n ti parí. Wọ́n ti dí i, ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Ó ti ń jí, ó sì ń ja gbogbo wa." Alájà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ìyá ọmọ kò mira. "Ẹnìkan péré ni mo lè jẹ́ kó wọlé báyìí láti mú un dákẹ́. Ta ni nọ́ọ̀sì rẹ̀?"

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. Màmá la ojú, wọ́n wò mí, wọn kò gbé ẹsẹ̀. Ìyá ọmọ náà kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa, ó ń wo ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ igbe ọmọ náà láti inú lọ́hùn-ún. Ó ní agbára nínú, igbe ọmọ tí èémí rẹ̀ tó o.

"Àwọn nìyí," mo wí. Mo na ọwọ́ sí Màmá láti fà wọ́n dìde.